Bí aláìsàn bá ní: "Ó sàn kí n kú"

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí wúwo díẹ̀. Ẹ lè kà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sì lè bá ẹlòmíràn kà á.

Ṣé ẹ ti tọ́jú aláìsàn rí tí àìsàn rẹ̀ kò lọ? Kì í ṣe ibà ọjọ́ mẹ́ta ni mo ń sọ. Mo ń sọ nípa àìsàn tó ń jẹ ara díẹ̀díẹ̀: jẹjẹrẹ, sídà, àrùn kíndìnrín, rọpárọsẹ̀. Owó ti tán. Ẹ ti ta ewúrẹ́, ẹ ti ta àgbàdo tí kò tíì gbó. Ní alẹ́ ọjọ́ kan aláìsàn yí ojú sí ògiri, ó ní: "Ó sàn kí n kú."

Kí ni ẹ dá a lóhùn?

Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ pé: "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́." A ó bu omi fún un, a ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹ̀rù ló ń bà wá. A rò pé bí a bá dárúkọ ikú, a ti ránṣẹ́ pè é.

Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí ní gbogbo ìgbà. Wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń gbọ́ ọ, àti bí a ṣe ń dáhùn, kí aláìsàn má baà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ní abúlé wa, ìyàwó, ọmọ àti àbúrò aláìsàn ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sì sí ẹni tó kọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí a wo ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ náà ń kọ́. Èmi kì í ṣe dókítà o, olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni mí.

Iṣẹ́ tí kò tíì tán

Àwọn òṣìṣẹ́ tí mo ń sọ yìí, ibi iṣẹ́ wọn ni à ń pè ní hospice. Èyí tí a mọ̀ jù ní ayé ni St Christopher's Hospice ní London. Cicely Saunders ló dá a sílẹ̀ ní 1967. Nọ́ọ̀sì ni obìnrin yìí tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ó kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ó ní bí àìsàn bá ti kọjá ìwòsàn, iṣẹ́ dókítà kò tíì tán. Aláìsàn ṣì ń mí, ìrora ṣì ń mú un, ó ṣì ní ohun tó fẹ́ sọ.

Ní Áfíríkà, hospice àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Harare, ní ilẹ̀ Zimbabwe, ní 1979. Island Hospice ni orúkọ rẹ̀. Ní 1993, Dókítà Anne Merriman dá ti Uganda sílẹ̀ ní Kampala. Ní Ìbàdàn, nítòsí wa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo wà lára àwọn tó mú iṣẹ́ yìí wọ Nàìjíríà. Ẹ má rò pé ilé ńlá kan tí a ń kó aláìsàn lọ ni hospice ní gbogbo ibi. Ní Uganda, àwọn òṣìṣẹ́ ló ń lọ bá aláìsàn nílé rẹ̀, lórí ẹní rẹ̀, láàárín àwọn ọmọ rẹ̀.

Faransé ń pe iṣẹ́ náà ní "soins palliatifs". Inú mi dùn nígbà tí mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Ó wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìn kan tó túmọ̀ sí aṣọ ìbora. Bí òtútù bá ń mú ènìyàn, tí ẹ kò sì lè lé òtútù lọ, ẹ lè fi aṣọ bò ó.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí Faransé ń pè ní OMS, sọ pé ìtọ́jú yìí kì í mú ikú yá, kì í sì í fa ikú sẹ́yìn. Àjọ náà tún sọ pé ó lé ní mílíọ̀nù 56 ènìyàn tó nílò rẹ̀ lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n nínú 100, nǹkan bí 14 péré ló ń rí i. Àwọn tó kù wà nílé, bí ti aláìsàn wa tó yí ojú sí ògiri.

Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ púpọ̀

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ òṣìṣẹ́ hospice ni pé "mo fẹ́ kú" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Àgbà kan lè sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ti rí ọmọ ọmọ, ó ti pín ilẹ̀, ó ti bá àwọn ọ̀tá rẹ̀ parí ìjà. Ó ń dúró de àkókò rẹ̀ ni. Ẹni yìí kò ní pa ara rẹ̀. Ẹ jókòó tì í, kí ó sọ ìtàn fún yín.

Ẹlòmíràn ń sọ ọ́ nítorí ìrora ara. Ohun tó ń sọ gan-an ni pé: "Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ìrora yìí." Ní Uganda, oògùn kan wà fún irú ìrora bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní morphine. Wọ́n ń po lúbúlúbú rẹ̀ mọ́ omi, aláìsàn á sì máa mu ún díẹ̀díẹ̀ ní wákàtí tí wọ́n yàn. Láti 2004, òfin ibẹ̀ gba nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá kọ́ láàyè láti kọ ọ́ fún aláìsàn, nítorí dókítà kò tó ní ìgbèríko. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ikú lánàá lè béèrè ẹ̀kọ lọ́la bí ìrora bá rọlẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe bá ẹni tí ìrora ń pa jiyàn, ẹ má ṣe wàásù fún un. Ìrora ni kí ẹ kọ́kọ́ wá oògùn sí. Ẹ lọ sọ ní ilé ìwòsàn pé: "Oògùn tí ẹ fún wa kò ká ìrora náà." Ẹ má bẹ̀rù láti sọ ọ́. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Cicely Saunders sọ pé ìrora ẹni tó ń kú lọ kì í ṣe ti ara nìkan. Ìrora ọkàn wà níbẹ̀. Ìrora ti ẹbí àti ti owó wà níbẹ̀. Ìrora ti ẹ̀mí náà wà, bí ẹni tó ń bi ara rẹ̀ pé: "Kí ni mo ṣe tí Ọlọ́run fi bá mi jà?" Bí ẹ bá wo ti ara nìkan, ẹ ti fi mẹ́ta sílẹ̀.

Èyí tó ń pa àwọn ènìyàn wa jù, lójú tèmi, ni ìtìjú. Aláìsàn rò pé òun ti di ẹrù sí ẹbí lọ́rùn. Ó ń gbọ́ bí a ṣe ń ka owó nínú yàrá kejì. Ó ń rí i pé ọmọ òun kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnìkan á sì tún pa òwe létí rẹ̀ pé: "Ikú yá ju ẹ̀sín." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra pẹ̀lú òwe yìí. A ń pa á fún ẹni tó hu ìwà àbùkù, ẹni tó sá lójú ogun, ẹni tó jí ohun olóhun. Kí ni jẹjẹrẹ fi jọ olè? Ẹni tó tọ̀ sórí ẹní nítorí àìsàn, àbùkù wo ló ní? Ẹni tó pa á lè máa sọ ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó dùbúlẹ̀ sí igun yàrá gbọ́ ọ, ó sì gbà á fún ara rẹ̀.

Ẹ bi í léèrè

Fún ẹni tí ara rẹ̀ le, a mọ àmì tí a fi ń mọ̀ pé ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Á máa pín ẹrù rẹ̀. Á máa dágbére. Kò ní fẹ́ jẹun mọ́. Kò ní sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ẹni tí àìsàn ń pa lọ náà ń pín ẹrù rẹ̀, ó ń dágbére, oúnjẹ kì í sì í wù ú. Báwo ni a ó ṣe wá mọ ìyàtọ̀? Ibi tí iṣẹ́ òṣìṣẹ́ hospice ti le nìyí. Àmì nìkan kò tó fún wọn. Wọ́n ní láti béèrè.

"Béèrè kẹ̀? Bí mo bá bi í, ṣé n kò ní fi èrò tí kò ní sí i lórí?" Ìbéèrè yìí ni gbogbo ènìyàn máa ń bèèrè. Ní 2014, àwọn onímọ̀ kan ní London kó ìwádìí 13 jọ, wọ́n sì wò ó fínnífínní. Wọn kò rí i pé bíbéèrè ń mú kí ènìyàn ronú láti pa ara rẹ̀. Ìwé tí OMS ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà ọpọlọ sọ bákan náà: ìbéèrè máa ń mú kí ọkàn ẹni náà fúyẹ́, nítorí ó mọ̀ pé ẹnìkan ti rí òun.

Nínú irú ẹ̀kọ́ yìí, wọ́n máa ń fi eré kọ́ ara wọn. Ẹnìkan á ṣe aláìsàn, èkejì á ṣe nọ́ọ̀sì. Mo ti kọ irú eré bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún yín, bí mo ṣe rò pé yóò rí nílé wa. Ẹ lè ṣe é ní kíláàsì.

Nọ́ọ̀sì: Bàbá, mo gbọ́ tí ẹ ní ó sàn kí ẹ kú. Kí ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn?

Bàbá: Kò sí nǹkan kan. Ó ti sú mi ni.

(Nọ́ọ̀sì dákẹ́. Kò yára sọ̀rọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ kí ojú rẹ̀ àti ti Bàbá lè ṣe déédéé.)

Bàbá: Ọmọ mi obìnrin ló ń fọ aṣọ tí mo bá bàjẹ́. Òun ló ń wẹ̀ mí. Ṣé ó yẹ kí ọmọ rí ìhòòhò bàbá rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì: Ojú ń tì yín.

Bàbá: Ojú ń tì mí, ọmọ mi. Ojú ń tì mí gan-an.

Nọ́ọ̀sì: Ẹ má bínú sí ìbéèrè tí mo fẹ́ bi yín. Bí ojú bá ń ti ènìyàn báyìí, ó lè máa ronú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ṣé ó ti wá sí yín lọ́kàn?

Bàbá: ...Ó ti wá.

Nọ́ọ̀sì: Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́ fún mi. Ṣé ẹ ti ro bí ẹ ó ṣe ṣe é? Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ lò wà nítòsí?

Ẹ rí i pé nọ́ọ̀sì kò pariwo. Kò ní "Háà!" Kò pe Bàbá ní ẹlẹ́ṣẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ tún wo ìbéèrè rẹ̀ tó gbẹ̀yìn, òun ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tí èrò náà kàn gba ọkàn rẹ̀ kọjá yàtọ̀ sí ẹni tó ti mọ ọ̀nà tí yóò gbà ṣe é, tí ohun tí yóò lò sì wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ẹni kejì yìí, a kò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ lóun nìkan, bó ṣe ìṣẹ́jú kan.

Ẹ sì rí i pé ọ̀rọ̀ Bàbá ní ojútùú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lè máa wá wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀. Ọmọbìnrin náà á sì padà sí ilé ẹ̀kọ́. Kò sí ẹni tó lè mọ èyí tí Bàbá kò bá sọ ọ́, Bàbá kò sì ní sọ ọ́ tí a kò bá bi í.

Nígbà mìíràn aláìsàn á ní: "N ó sọ ohun kan fún ọ, ṣùgbọ́n búra pé o kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni." Wọ́n ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n má ṣe búra. Kí wọ́n ní: "Mo lè pa ọ̀pọ̀ nǹkan mọ́ fún yín, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti ẹ̀mí yín, n ó sọ fún ẹnìkan tó lè ràn wá lọ́wọ́. Èmi àti ẹ̀yin la ó jọ yan ẹni náà." Ọ̀rọ̀ yìí nira fún wa, nítorí a ka àṣírí sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé àṣírí yìí nìkan, ẹrù rẹ̀ á pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ.

Aláìsàn mìíràn á bẹ òṣìṣẹ́ pé: "Fún mi ní gbogbo ìgò oògùn yìí lẹ́ẹ̀kan, kí n sùn." Òṣìṣẹ́ hospice kì í ṣe é. Ẹ rántí ohun tí OMS sọ: kì í mú ikú yá. Ṣùgbọ́n kì í dìde kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Á bi í pé: "Èwo ló le jù fún yín ní alẹ́?" Ó lè jẹ́ àìrí oorun sùn. Ó lè jẹ́ ẹ̀rù òkùnkùn. Ó tún lè jẹ́ àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì, oògùn àti ìtọ́jú sì wà fún ìyẹn, àní fún ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pọ̀ mọ́.

Bídọ̀ọ̀nù tó wà lábẹ́ ibùsùn

Ọ̀rọ̀ oko kan wà nínú èyí. Ní agbègbè Sábẹ̀ àti Kétu, ọ̀pọ̀ nínú yín ń gbin òwú. Níbo ni ẹ ń kó oògùn kòkòrò sí? Mo ti wọ ilé tí bídọ̀ọ̀nù rẹ̀ wà nínú yàrá tí aláìsàn ń sùn sí, kí olè má baà gbé e. Ẹ kó o kúrò níbẹ̀ lónìí.

Èrò láti pa ara ẹni máa ń le gan-an fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á rọlẹ̀. Nígbà mìíràn kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bí májèlé bá jìnnà nígbà náà, ẹ̀mí ti là. Ilẹ̀ Sri Lanka fi èyí hàn. Àgbẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ bí ti ilẹ̀ wa, oògùn kòkòrò sì pa ọ̀pọ̀ wọn. Ìjọba fi òfin de àwọn oògùn tó burú jù, díẹ̀díẹ̀, àwọn kan ní 1995, àwọn mìíràn láàárín 2008 sí 2011. Láàárín 1995 sí 2015, iye àwọn tó ń pa ara wọn níbẹ̀ fi nǹkan bí 70 nínú 100 dín kù, irè oko kò sì tìtorí rẹ̀ dín.

Ẹ ra àpótí onírin, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tì í, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹnìkan. Ẹ má da oògùn kòkòrò sínú ìgò omi tàbí ti ọtí. Oògùn aláìsàn náà bẹ́ẹ̀: kí ó má kọjá ti ọjọ́ díẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, kí àwọn tó kù wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì ti gbé májèlé mu, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní wàrà, ẹ má kì í lọ́wọ́ bọ ọ̀fun kí ó lè bì. Ẹ gbé e sórí ọkọ̀ tàbí zemijan kíákíá lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì mú bídọ̀ọ̀nù náà dání kí dókítà lè mọ ohun tó mu.

Àwọn ọjọ́ tó léwu jù

Ní 2012, àwọn onímọ̀ ní Sweden rí i pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí a sọ fún ènìyàn pé ó ní jẹjẹrẹ léwu ju àwọn tó tẹ̀lé e lọ. Ìròyìn náà gan-an ń pa ni. Nítorí náà, bí ẹnìkan nínú ẹbí yín bá ti Kútọnu tàbí Àjàṣẹ́ dé pẹ̀lú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó dá sùn ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ wá nǹkan bá a ṣe. Kì í ṣe kí ẹ ṣọ́ ọ bí ẹlẹ́wọ̀n o. Ẹ kàn wà níbẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ méjì, Barbara Stanley àti Gregory Brown, ṣe ìwé pélébé kan tí òṣìṣẹ́ àti aláìsàn jọ ń kọ. Ẹ lè ṣe tiyín. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé, iṣẹ́ ọwọ́ yín nìyí. Ẹ kọ àmì tí aláìsàn fi ń mọ̀ pé èrò náà ń bọ̀, bíi kí oorun má kun òun lójú. Ẹ kọ ohun tó lè ṣe fúnra rẹ̀: gbígbọ́ rédíò, àdúrà, jíjókòó síta. Lẹ́yìn náà ẹ kọ orúkọ àwọn tó lè pè ní òru, kí nọ́ńbà wọn sì tóbi tí yóò fi lè kà á. Ẹ kọ ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín. Ní Kútọnu, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba wà ní Jacquot. Ẹ fi ìwé náà sí ibi tí ọwọ́ aláìsàn lè tó.

Ẹ lè ní: "Àwa kò kàwé dókítà, kí la lè ṣe?" Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kan wà tí ń jẹ́ Grégoire Ahongbonon. Iṣẹ́ àtúnṣe táyà ló ń ṣe ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire. Ó là, ó ra takisí, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ wó. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní gbangba pé nígbà náà òun ronú láti gba ẹ̀mí ara òun. Àlùfáà kan dúró tì í, kò sì kú. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ilé ìwòsàn Bouaké láti wá àwọn aláìsàn tí kò ní ẹbí, tí ẹnikẹ́ni kò wẹ̀. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wẹ̀ wọ́n, wọ́n ń ra oògùn fún wọn. Ara àwọn kan yá, àwọn kan kú, ṣùgbọ́n àwọn tó kú kò dá kú. Láti ibẹ̀ ló ti dé ọ̀dọ̀ àwọn alárùn ọpọlọ tí a fi ẹ̀wọ̀n dè mọ́ igi. Ẹgbẹ́ Saint Camille tó dá sílẹ̀ ní ilé ìtọ́jú wọn ní Avrankou, lẹ́bàá Àjàṣẹ́.

Ó ku àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn. Òṣìṣẹ́ hospice kì í pa orúkọ ilé rẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú. Á padà lọ. Á gba oògùn tó kù, kí ó má baà wà nílé. Á jókòó ti opó, á sì bi í bí ó ti ń sùn, nítorí ẹni tó ti ṣọ́ aláìsàn fún ọdún méjì lè má mọ ohun tí yóò fi òru ṣe mọ́. Ìbéèrè tó bi Bàbá náà ló ń bi í, ní ohùn pẹ̀lẹ́ kan náà. Ní ọ̀dọ̀ wa, èrò máa ń kún ilé ní ọjọ́ ìsìnkú àti ní ọjọ́ kẹjọ. Ẹ tún lọ kí i nígbà tí oṣù kẹta bá pé, nígbà tí àga àti àtíbàbà ti kúrò níwájú ilé.